Kọ́kọ́rọ́ Ilé Olóògbé: Ohun Tí Ọ̀rẹ́ Lè Ṣe Kí Alámòójútó Ogún Tó Dé

Ní ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́, nítòsí Ajah ní Ìpínlẹ̀ Èkó, àdúgbò kan wà tí ń jẹ́ Victoria Garden City, tí àwọn ènìyàn ń pè ní VGC. Ògiri yí i ká, ẹ̀ṣọ́ sì ń ṣọ́ ẹnubodè rẹ̀. Àwọn àgbà mìíràn ń dá gbé níbẹ̀, nígbà tí àwọn ọmọ wọn wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Bí ọlọ́jọ́ bá dé bá irú ẹni bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ tàbí aládùúgbò ni kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sábà máa ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ará ìlú kéékèèké pẹ̀lú, nítorí ẹni tí ó ṣí lọ sí Èkó ní ẹbí nílé.

Ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ ní mímọ̀ ni pé dúkìá òkú kì í di ti ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù. Bí olóògbé bá kọ ìwé ìhágún, àwọn tí ó dárúkọ sínú rẹ̀ ni yóò ṣe alámòójútó. Bí kò bá kọ ọ́, Ilé Ẹjọ́ Gíga ni yóò fún àwọn kan ní ìwé àṣẹ. Ìlànà Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìpínlẹ̀ Èkó kò jẹ́ kí irú ìwé àṣẹ bẹ́ẹ̀ jáde kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn ikú, iṣẹ́ náà sì sábà máa ń jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gba dúkìá náà ṣe láìní àṣẹ láàárín àkókò yìí lè jẹ́jọ́ kí ó sì san owó ìtanràn. Ṣùgbọ́n òfin kò bá ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn tàbí tí ó fún ajá olóògbé ní oúnjẹ wí. Ìṣọ́ yàtọ̀ sí ìpín.

Ká ní bàbá kan kú ní ilé ìwòsàn ní òru ọjọ́ Ẹtì, tí kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀rẹ́ yìí má ṣe dá wọlé. Kí ó pe aládùúgbò kan àti ẹ̀ṣọ́ kan. Kí wọ́n pa gáàsì àti jẹnẹrétọ̀, kí wọ́n sì kó oúnjẹ inú fíríìjì dànù, nítorí bí owó inú mítà bá tán, ohun gbogbo yóò rà. Kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n gbé ìwé àti àpótí kúrò nílẹ̀, nítorí omi òjò kì í pẹ́ kún ní agbègbè Lẹ́kí nígbà òjò. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá rí owó tàbí góòlù, kí wọ́n kà á lójú ara wọn, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá kan. Ẹni tí ó bá gbé aago olóògbé lọ sí ilé ara rẹ̀ “kí ó má baà sọnù” ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà. Mẹ́gáàdì àti ọmọ ọ̀dọ̀ náà ní ẹrù nínú ilé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lé wọn jáde lóru.

Kí ọ̀rẹ́ náà tètè fi ọ̀rọ̀ tó àwọn ọmọ olóògbé létí, kí ó sì sọ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè pé kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó ẹrù jáde. Olè tí ń fo ògiri kọ́ ni ó sábà máa ń tú irú ilé bẹ́ẹ̀ ká. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ̀ méjì dé, tí wọ́n ń sunkún, ni. Bí wọ́n bá béèrè ìwé ilé, ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó wà: “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí á dúró de ẹni tí kóòtù bá fún ní àṣẹ.”

Káàdì báńkì olóògbé kò ṣe é fọwọ́ kàn, ìbáà ṣe nítorí ìnáwó òkú. Owó tí ọ̀rẹ́ bá ná lápò ara rẹ̀ lórí àgádágodo tàbí oúnjẹ ajá, kí ó tọ́jú rìsíìtì rẹ̀.

Bí ìwé ìhágún bá yọjú, kí ó má ṣe tú u. Ọ́fíìsì Próbéètì ti Ilé Ẹjọ́ Gíga ni kí ó fà á lé lọ́wọ́ láìjáfara. Ó sì lè jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni olóògbé fi ìwé rẹ̀ pamọ́ sí, nítorí náà ó yẹ kí ẹbí mú ìwé ẹ̀rí ikú lọ béèrè. Bí àwọn kan bá fẹ́ fi ipá kó ẹrù, adájọ́ lè yan òṣìṣẹ́ kóòtù láti gba ilé náà sọ́wọ́ tàbí kí ó fi èdìdì dì í.

Ta ni yóò jogún ilé? Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀rẹ́. Suberu Dawodu kú ní Èkó ní 1940 láìkọ ìhágún, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀. Ẹjọ́ lórí bóyá ìdí-igi ni wọn yóò fi pín ogún náà tàbí orí-ò-jorí dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì di 1962 kí wọ́n tó fi ẹsẹ̀ ìdí-igi múlẹ̀.

Ní ọjọ́ tí alámòójútó bá mú ìwé àṣẹ kóòtù dé, kí ọ̀rẹ́ náà fún un ní kọ́kọ́rọ́, àkọsílẹ̀ ẹrù, àwòrán àti rìsíìtì. Kí ó sì jẹ́ kí ó fọwọ́ sí ìwé pé òun ti gbà wọ́n, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí.