Eérú Kì í Ṣe Oríṣìí Kan

Ohun tó yẹni ló yẹni, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ. Ta ni yóò ní òun ò mọ ìyẹn? Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó fi òwe yìí ń lé adúmáadán nídìí aṣọ aláwọ̀ eérú.

Aṣọ ẹbí ìgbéyàwó kan ló fà á ní Sàngó-Ọ̀tà níbí. Léèsì áàṣì ni ìyá ìyàwó mú. Àbúrò rẹ̀ kan, obìnrin tó dúdú tó ń dán, gbé tirẹ̀ léjìká, ojú rẹ̀ sì rẹ̀ wẹ̀sì bíi ti aláìsàn. Kíá ni ẹni tó ń taṣọ ní, "Àǹtí, áàṣì ò yẹ dúdú. Ẹ jẹ́ n bá yín wá ìpara díẹ̀ kí ọjọ́ ìnáwó tó pé." Ìpara! Kéèyàn bó ara torí léèsì yáàdì márùn-ún!

Ara obìnrin yẹn kò lẹ́bi. Eérú tí wọ́n mú ló ṣú, tó tún ní búráùn nínú. Bí aṣọ àti ara bá ṣú bákan náà, méjèèjì a pa ara wọn. Ká ní eérú tó mọ́, tó ń tàn díẹ̀ ni, òun ni ì bá yọ jù lágbo. Ní ti apọ́nbéporẹ́, eérú tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun kì í gbè é. Èyí tó ṣú bí èédú, tí búlúù fara pa mọ́ sínú rẹ̀, ni tirẹ̀. Ẹ wo àwọn ọmọ pupa ní Covenant University tí wọ́n bá wọ kóòtù bẹ́ẹ̀ lọ kíláàsì. Ẹni tí kò pupa tí kò sì dúdú ni kó sá fún eérú àárín.

Ẹ má gba iná ìsọ̀ gbọ́ o. Gílóòbù funfun a máa fi búlúù sí eérú. Ẹ gbé aṣọ náà bọ́ sí ẹnu ọ̀nà, ẹ fi sábẹ́ àgbọ̀n, ẹ wo dígí. Ojú yín ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo aṣọ. Bí abẹ́ ojú bá ṣú, ẹ dá a padà.

Òógùn ńkọ́? Kò sí àwọ̀ tó ń tú àṣírí rẹ̀ bí eérú àárín. Ẹni tó bá wọ bùbá aṣọ òwú áàṣì dúró de ọkọ̀ lábẹ́ bíríìjì Sàngó lọ́sàn-án, abíyá rẹ̀ á ti ròyìn fún gbogbo èrò kó tó débi ìnáwó.

Lóòótọ́, okùn ọrùn ò yẹ adìẹ. Ṣùgbọ́n ta ló bá adìẹ wá okùn mìíràn rí? Léèsì àǹtí yẹn kò ṣeé dá padà mọ́, ni wọ́n bá fi gèlè pupa àti iyùn tì í. Ohun tó súnmọ́ ojú ló ń gba ojú là. Àǹtí jó, wọ́n náwó fún un.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yan aṣọ ẹbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe dúdú kan àti pupa kan sídìí aṣọ kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá sì fẹ́ ta ìpara mọ́ léèsì fún yín, ẹ kọjá sí ìsọ̀ kejì.