Àpótí Tí Ó Ń Sọ̀rọ̀: Ẹ̀kọ́ Lórí Yíyan Ìlù Kahọ́n àti Títún Ohùn Rẹ̀ Ṣe



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó jókòó lórí àpótí pákó láàárín ẹgbẹ́ akọrin, tí ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu iwájú àpótí náà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Àwọn kan rò pé àga lásán ni. Àwọn mìíràn ń béèrè pé irú ìlù wo ni èyí tí kò ní awọ, tí kò ní ọṣán, tí a kò sì fi kọ̀ǹgọ́ lù. Nítorí ìbéèrè wọ̀nyí, àti nítorí pé owó àwọn ará ni a fi ń ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí a kọ́ ara wa ní ohun tí ìlù náà jẹ́, bí a ti í yàn án, àti bí a ti í tún ohùn rẹ̀ ṣe.

IBI TÍ Ó TI WÁ

Kahọ́n ni a ń pè é; àwọn ará Sípéènì a máa kọ ọ́ ní cajón, ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn kò sì ju “àpótí” lọ. Etíkun ilẹ̀ Perú ni ó ti jáde, lọ́wọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà tí àwọn ará Sípéènì kó lẹ́rú lọ síbẹ̀. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ní ìlù ilé baba wọn lọ́wọ́ mọ́. Àpótí tí a fi ń di ẹrù ni ó wà nítòsí wọn. Wọ́n jókòó lé e, wọ́n lù ú, ó sì dá wọn lóhùn. Ní 1854 ni a dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní ilẹ̀ Perú, ṣùgbọ́n ìlù náà kò bá oko ẹrú parẹ́. Ní 2001, ìjọba Perú kéde rẹ̀ ní ogún àjùmọ̀ni orílẹ̀-èdè wọn.

Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní Kúbà pẹ̀lú, níbi tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá lọ, àwọn tí a ń pè ní Lukumí níbẹ̀. Ní Havana àti ní Matanzas, àpótí ẹja gbígbẹ àti àpótí àbẹ́là ni àwọn òtòṣì sọ di ìlù, tí wọ́n fi ń lu orin rumba. Oko ẹrú dópin ní Kúbà ní 1886. Ní 2016, àjọ UNESCO kọ rumba Kúbà mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú àbùkù wo àpótí yìí, kí ó rántí pé ọwọ́ àwọn tí a já gbà lọ́wọ́ ìyá wọn ni ó kọ́kọ́ mú un sọ̀rọ̀.

Ní nǹkan bí 1977, Paco de Lucía, ọ̀gá àwọn onígìtá ilẹ̀ Sípéènì, rí ìlù yìí ní Perú, ó sì mú un lọ sí ilé. Níbẹ̀ ni a ti wá fi okùn gìtá sí ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kí ohùn rẹ̀ lè máa ta ṣẹ́ṣẹ́. Ìdí nìyí tí irú méjì fi wà lọ́jà títí di òní: ti Perú tí kò ní okùn nínú, tí ohùn rẹ̀ gbẹ tí ó sì ṣe kedere, àti ti Sípéènì tí ó ní okùn.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ẹgbẹ́ akọrin kan tí mo wà nínú rẹ̀ nígbà kan dá owó fún oṣù mẹ́rin kí a tó lè ra kahọ́n. Ìyá àgbà kan tí ń ta ẹ̀kọ wà lára àwọn tí ó dá a, kò sì jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ kan. Èmi ni a rán lọ sí ọjà. Dídán ara àpótí ni mo wò. N kò jókòó lé e, n kò sì lù ú títí mo fi san owó. Nígbà tí mo gbé e dé, kò ní ohùn ìsàlẹ̀ rárá. Ó ń dún pàkàpàkà bí ẹni tí ń kan ilẹ̀kùn. Ìtìjú mú mi, mo sì tú gbogbo ìdè ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bóyá yóò sàn. Ní ọjọ́ Àjíǹde, bí olórin ti gbé Sáàmù, ojú ìlù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí páànù tí ìjì ń jà, ìjọ kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Sáàmù mọ́. Lẹ́yìn Mísà, ìyá ẹlẹ́kọ náà pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ohun tí a dáwó sí nìyẹn?” N kò rí èsì fún un.

Káfíńtà kan nínú ìjọ ni ó bá wa yọ ojú ìlù náà. Ó rí i pé ó nípọn tó ẹ̀gbẹ́ àpótí gan-an. Ó sì fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ó kọ́ mi ní ohun púpọ̀ ní ọjọ́ náà, òun ni mo sì fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́.

BÍ A TI Í YAN KAHỌ́N

Èkínní, ẹ wo ìwọ̀n rẹ̀. Gíga rẹ̀ kì í sábà dín ní sẹ̀ǹtímítà 45, kì í sì í sábà ju 50 lọ. Ìbú rẹ̀ tó nǹkan bí 30. Ẹni tí yóò máa lù ú ni kí ó jókòó lé e. Bí eékún rẹ̀ bá ga ju ìbàdí rẹ̀ lọ, àpótí náà kéré fún un. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá tẹ ilẹ̀ dáadáa, ó ga jù. Fún ọmọdé, kí a wá kékeré.

Èkejì, ẹ wo pákó rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ àpótí gbọ́dọ̀ le, kí ó nípọn tó mìlímítà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí oríkèé rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo. Ojú ìlù ni ó gbọ́dọ̀ tín-ín-rín, bíi mìlímítà mẹ́ta, nítorí òun ni ó ń mì tí ohùn fi ń jáde. Ihò tí ó wà lẹ́yìn ni ohùn ìsàlẹ̀ ń gbà jáde. Bí kò bá sí ihò, ohùn náà yóò há sínú. Ẹ gbé àpótí náà, kí ẹ mì í: bí ohun kan bá ń mì nínú rẹ̀, ohun tí ó tú ni.

Ẹ̀kẹta, ẹ lù ú. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ lu ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí ìsàlẹ̀ etí òkè: ohùn tí ó jinlẹ̀, tí ó yípo, ni kí ó fọ̀. Ẹ wá fi ìka lu etí òkè gan-an: ohùn tí ó mú, tí ó gé, ni kí ó fọ̀. Bí ohùn méjèèjì bá jọra, ẹ fi sílẹ̀, bí ó ti wù kí ó dán tó. Ẹ má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé etí yín nìkan, nítorí ẹni tí ó jókòó lórí ìlù kì í gbọ́ ọ bí ìjọ ti í gbọ́ ọ. Ẹ mú ẹnìkejì lọ, kí ó dúró ní ọ̀ọ́kán, kí ó sì sọ òtítọ́.

BÍ A TI Í TÚN OHÙN RẸ̀ ṢE

Ìdè kéékèèké tí a ń yí, tí àwọn káfíńtà ń pè ní sikurúù, ni ó mú ojú ìlù mọ́ àpótí. Àwọn tí ó wà ní ìgun méjèèjì òkè nìkan ni a máa ń tú díẹ̀, kí ìgun náà lè máa pàtẹ́wọ́ sí àpótí bí ìka ti ń kàn án. Ìlàrin yíyí kan ni kí ẹ tú lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ lù ú, kí ẹ gbọ́, kí ẹ tó tún tú u. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ẹ dá a padà. Àwọn ìdè ẹ̀gbẹ́ àti ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ le dáadáa ní gbogbo ìgbà.

Bí kahọ́n yín bá ní okùn, ẹ ó rí ibi tí a ti ń fà á le tàbí tí a ti ń dẹ̀ ẹ́. Okùn tí ó dẹ̀ jù a máa mì fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìlù, ohùn rẹ̀ a sì máa dí orin lọ́wọ́. Okùn tí ó le jù a máa pa ohùn mọ́ ìlù lẹ́nu. Èyí tí ó tọ́ ni pé kí okùn náà dáhùn nígbà tí ẹ bá lu etí òkè, kí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́ nígbà tí ẹ bá lu àárín. Bí ó bá ń ṣe àríyànjiyàn síbẹ̀, ẹ lẹ aṣọ pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ibi tí okùn ti kan ojú ìlù.

Ẹ kíyè sí ohun kan tí ó yàtọ̀ sí àṣà wa. Ìlù aláwọ ni a máa ń sá sí oòrùn tàbí tí a ń yá níná kí ohùn rẹ̀ lè le. Ẹ má ṣe ṣe bẹ́ẹ̀ fún kahọ́n láéláé. Oòrùn a máa ká ojú rẹ̀ kò, a sì máa la oríkèé rẹ̀. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti pa. Nígbà ọyẹ́ pákó a máa sún kì, ìdè a sì máa dẹ̀. Nígbà òjò pákó a máa wú. Nítorí náà, kí ẹ yẹ àwọn ìdè wò bí ìgbà ti ń yí padà.

BÍ Ó TI YẸ NÍNÚ ÌJỌSÌN

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1963, Àpérò Fátíkàn Kejì fi ọ̀wọ̀ ńlá fún dùùrù olófèéèrè, ó sì gba àwọn ohun èlò mìíràn láàyè nípa àṣẹ àwọn tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fi àṣẹ sí i, bí wọ́n bá yẹ fún ìlò mímọ́, tí wọ́n bá sì ń gbé àwọn onígbàgbọ́ ró. Ọ̀rọ̀ ńlá nìyí fún onílù. Kì í ṣe pé kí ìlù wà nìkan ni, bí kò ṣe pé kí ó ran àdúrà lọ́wọ́. Àwọn bàbá wa wí pé ìlù tí ó bá dún àdúnjù, yíya ni ó fẹ́ ya. Bí ìjọ kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ orin, kí onílù rọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ilé ìjọsìn bá ń gba ohùn padà, kí ó tẹ́ ẹní sábẹ́ àpótí, kí ó sì fi ìka lù ú dípò àtẹ́lẹwọ́.

Ní ọjọ́ tí a tún tiwa lò, ìyá ẹlẹ́kọ náà jókòó sí ibi tí ó máa ń jókòó. Kò wí ohun kan nípa ìlù. Ó ń kọ Sáàmù, ẹnu rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé a ti san owó rẹ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin tí ẹgbẹ́ bá rán ní iṣẹ́ ríra, ẹ rántí ẹni tí ó dá owó náà. Ẹ jókòó, ẹ lù ú, ẹ tẹ́tí sílẹ̀, kí ẹ tó nawọ́ sí àpò. Kí Olúwa fi etí tí ń gbọ́ fún wa.