Fóònù Lè Ran Òbí Tí Iyè Wọn Ń Rà Lọ́wọ́



Bí Bàbá bá ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan ṣáá, tí wọ́n kírun Àsùbáà lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì ṣìnà láti mọ́sálásí wálé, àwọn kan á ní aráyé ló ń ṣe wọ́n. Àìsàn ọpọlọ ni iyè ríra. Àwọn oníṣègùn Ìbàdàn àti Indianapolis ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lé e lórí ní 1992. Ní 2001, wọ́n kéde pé kò wọ́pọ̀ láàárín àwọn àgbà Ìbàdàn tó ti àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa.

Ẹ kọ́kọ́ gbé wọn lọ sí ọsibítù, torí àìsàn mìíràn tó ṣeé wò lè fa ìgbàgbé. Lẹ́yìn náà, fóònù lè ṣèrànwọ́ báyìí:

1. Oògùn: Ẹ fi ohùn yín ṣe aago ìrántí: "Bàbá, àsìkò oògùn tó." Ṣùgbọ́n fóònù kò mọ̀ bóyá wọ́n ti lò ó. Ẹni tó bá lo oògùn àtọ̀gbẹ lẹ́ẹ̀mejì lè dákú. Kí ẹnì kan nínú ilé máa tọ́jú oògùn, kó máa fún wọn ní ìwọ̀n tó yẹ.

2. Ìrun: Áàpù bíi Muslim Pro ń pe ìrun lásìkò. Bí wọ́n bá gbàgbé, ẹ má bá wọn jà. Ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, ìrun kò jẹ́ ọ̀ranyàn fún un mọ́.

3. Ìrìn: Google Maps lè máa fi ibi tí wọ́n wà han ọmọ wọn. Etí ọ̀sà ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà, ewu sì ni kí àgbà ṣìnà débẹ̀. Dátà àti bátìrì lè tán, nítorí náà ẹ kọ nọ́ńbà yín sínú fìlà tàbí ìborùn wọn pẹ̀lú.

4. Ìpè: Ẹ fi àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n ń pè.

Ẹ gba àṣẹ wọn kí ẹ tó ṣe é, kí ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀. Bí iyè bá ti rà jù, wọn ò ní lè kọ́ ohun tuntun mọ́.

Ẹ̀yin ọmọ tó wà lókèèrè, fóònù tí ẹ rà kò lè bá Ìyá ṣe àlùwàlá. Ẹ máa pe ẹni tó ń tọ́jú wọn, ẹ wá dúró nípò rẹ̀ kó lè sinmi. Súrátùl Ìsráì, àáyà 23, kọ̀ fún wa láti pòṣé sí òbí tó ti darúgbó. Ẹni tó bá rẹ̀ tẹnutẹnu ló máa ń pòṣé.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn òbí wa ní àlàáfíà. Àmín.