NÍGBÀ TÍ Ẹ̀ṢỌ́ ARA BÁ KỌLU ỌPỌLỌ

Ẹ̀yin ọmọ wa àti ẹ̀yin òbí, àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹ̀kọ́ wa yìí dá lórí àìsàn kan tó bá òwe náà mu. Multiple sclerosis ni àwọn oníṣègùn ń pè é. Charcot ló ṣe àlàyé rẹ̀ kíkún ní ìlú Paris ní ọdún 1868.

Ẹ wo wáyà iná: rọ́bà ni wọ́n fi bò ó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rá kan, myelin, ṣe bo iṣan tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn. Bí ọ̀rá yìí bá bó, iṣẹ́ tí ọpọlọ rán lè pẹ́ kó tó dé, tàbí kó má dé rárá.

Ta ló ń bó o? Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ni, àwọn ẹ̀ṣọ́ tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà. Báyìí ló ṣe ń rí:

1. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tí à ń pè ní T ṣi myelin mú fún ọ̀tá.

2. Wọ́n la odi tó yí ọpọlọ ká kọjá.

3. Nínú ọpọlọ, wọ́n tún rí myelin, wọ́n fi igbe ta. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn dá sí i, ibẹ̀ wú, ọ̀rá náà sì bó.

Nígbà náà ni ojú lè ṣe bàìbàì, tí ẹsẹ̀ á wúwo, tí ara á máa kú tipiri.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé ẹ̀ṣọ́ ara lè ṣe irú èyí? Ní ọdún 1935, Rivers àti ẹnìkejì rẹ̀ ní New York gún ọ̀bọ ní abẹ́rẹ́ ọpọlọ ehoro léraléra. Ọpọlọ àwọn ọ̀bọ náà wú, myelin wọn sì bó. Ní ọdún 2022, ìwádìí lára ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní mílíọ̀nù 10 fi hàn pé ẹni tí kòkòrò Epstein-Barr bá wọ ara rẹ̀ súnmọ́ àìsàn yìí ní ìlọ́po 32. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ní kòkòrò náà tí wọn kò ṣàìsàn yìí.

Ẹ̀yin òbí, àìsàn yìí kì í ràn. Bí ojú ọmọ bá ṣú lójijì tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ẹ má wá ẹni tí ẹ ó dá lẹ́bi ládùúgbò. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn tó ń dá ẹ̀ṣọ́ ara lẹ́kun ti wà. Kò wò ó sàn pátápátá, ṣùgbọ́n bí a bá tètè lò ó, ohun tí yóò bàjẹ́ á dínkù.

Ìbéèrè: Kí ni myelin ń ṣe? Ta ló ń bó o?