Ẹ̀yin Ọmọ Ṣọ́jà, Ìwé Wo Lẹ Ń Tún Ṣe?

Bí bàbá yín tàbí ìyá yín bá ṣe iṣẹ́ ológun, tí wọ́n sì wà láàyè, ẹ má dúró dìgbà tí ìjọba bá pè wọ́n fún àyẹ̀wò kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú ìwé wọn. Ẹ jókòó tì wọ́n. Ẹ ní kí wọ́n gbé ìwé tí wọ́n gbà lọ́jọ́ tí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀ jáde. Ẹ ka orúkọ ibẹ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ wo ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tí wọ́n wọṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n kúrò, ipò tí wọ́n dé àti nọ́ńbà iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà ẹ gbé nọ́ńbà ìdánimọ̀ orílẹ̀-èdè (NIN) wọn àti ìwé báǹkì wọn tì í. Ó ṣeé ṣe kí ẹ rí Lamidi nínú ìwé ológun, Hamid nínú ìwé báǹkì, Abdul-Hamid lórí NIN, nítorí Bàbá ti lọ sí Mẹ́kà. Gbogbo ìlú Ìkìrun mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Kọ̀ǹpútà tó wà ní Àbújá kò mọ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe tòní. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń gba ọmọ ogun sínú West African Frontier Force, orúkọ kan ṣoṣo ni akọ̀wé sábà máa ń bèèrè, yóò wá fi orúkọ ìlú onítọ̀hún ṣe ìkejì. Ọmọ Ìkìrun tó ń jẹ́ Sàlámì lè lọ sí Burma nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kó sì bọ̀ gẹ́gẹ́ bíi Salami Ikirun, nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ nílé ń jẹ́ Oyèwọlé. Chari Maigumeri, gbajúgbajà sájẹ́ǹtì tó kọ́kọ́ bá àwọn Jámánì jagun ní Kamẹrúùnù tí wọ́n fún un ní Iron Cross, tó tún wá sin ọba Gẹ̀ẹ́sì títí dé Burma, orúkọ ìlú rẹ̀ ní Borno ló ń jẹ́ yẹn. Bárékè tí wọ́n fi sọrí rẹ̀ wà ní Lọ́kọ́jà, ìlú kan náà tí fáìlì àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà wà.

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ lóṣù Keje ọdún 1967, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun Nàìjíríà tó wà ní bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá di bí 250,000 kí ogun tó parí lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 1970. Ọ̀dọ́mọkùnrin ń tò lórí ìlà, akọ̀wé tí kò gbọ́ Yorùbá ń kọ ohun tí etí rẹ̀ gbà. Oyèkúnlé di Oyekule. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí i ni wọ́n fojú wò, tí wọ́n sì kọ ọdún tó bá wù wọ́n sílẹ̀ fún. Ẹni tó ń wá bí yóò ṣe rí ìbọn gbé kò ní tìtorí lẹ́tà kan bá akọ̀wé jà.

Kí ayé ìwé tó dé, ọ̀rọ̀ kò rí báyìí. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1878, tí wọ́n ja Ogun Jálumi lẹ́bàá Ìkìrun, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú àwọn Ìbàdàn, kò sí akọ̀wé kankan níbẹ̀. Oríkì ló pa orúkọ àwọn jagunjagun mọ́. Bí ẹni tó ń kì í bá ṣì í pè, àgbà ilé kan á ké sí i pé bẹ́ẹ̀ kọ́, báyìí ni wọ́n ń kì wọ́n, ọ̀rọ̀ sì parí lójú ẹsẹ̀. Fáìlì kì í gbọ́ ohùn àgbà ilé. Ìwé nìkan ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà wá nìyí, òun gan-an ló sì mú mi gbé kálàmù. Wọ́n rí i pé ìwé kò bára mu, wọ́n sì sáré lọ tún èyí tó wà nítòsí jù ṣe. Báǹkì ní orúkọ orí NIN kò bá ti BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báǹkì, mu, wọ́n yí ti NIN. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn tó ń yẹ ìwé wò ní NIN kò bá ìwé ológun mu, wọ́n lọ sí kóòtù lọ búra. Ọmọ kejì tó wà ní Èkó kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n òun ti búra, òun náà búra tirẹ̀, ọjọ́ ìbí tó sì kọ yàtọ̀. Ní báyìí, bàbá kan ṣoṣo ti ní ìwé ìbúra méjì tó ń bá ara wọn jiyàn. Àṣìṣe lẹ́tà kan tí ì bá rọrùn láti ṣàlàyé ti di ohun tó jọ èrú.

Gbòǹgbò gbogbo rẹ̀ ni ìwé tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ológun fúnra wọn. Fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀gá, Nigerian Army Records ní Lọ́kọ́jà ni. Fún àwọn ọ̀gá, ọ́fíìsì Military Secretary ní Àbújá. Military Pensions Board tó ń san owó ìfẹ̀yìntì kì í fún ẹnikẹ́ni lórúkọ tàbí lọ́jọ́ orí. Ohun tí ilé-iṣẹ́ ológun bá ti kọ ló ń tẹ̀ lé. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ohun tó wà nínú fáìlì náà kí ẹ tó fọwọ́ kan ìwé mìíràn. Bí orúkọ inú fáìlì bá tọ̀nà, tó jẹ́ NIN ló ní àṣìṣe, ẹ lọ sí ọ́fíìsì NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ẹ san owó tí ìjọba là kalẹ̀, ẹ gba ìwé ẹ̀rí ìbí lọ́dọ̀ National Population Commission bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ni. Bó bá jẹ́ fáìlì ló ní àṣìṣe, Bàbá fúnra wọn ni kí wọ́n kọ lẹ́tà, kí wọ́n kọ nọ́ńbà iṣẹ́ wọn sí i, kí wọ́n so ẹ̀dà ìwé tó fi òtítọ́ hàn mọ́ ọn. Lára púpọ̀ nínú nọ́ńbà yìí ni ọdún tí ènìyàn wọṣẹ́ ti ń hàn: ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 67NA kò nílò ẹlẹ́rìí pé ọdún 1967 lòun wọ bárékè. Ẹni tí kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ lè bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn ajagunfẹ̀yìntì tàbí ní bárékè Adékúnlé Fájuyì ní Òjòó, Ìbàdàn.

Bí ìwé ìbúra bá sì pọn dandan, ẹyọ kan ni kó jẹ́, kí gbogbo orúkọ tí wọ́n ti kọ fún Bàbá láyé wà nínú rẹ̀, kó sì sọ pé ẹnì kan náà ni wọ́n. Bàbá fúnra wọn ni kí wọ́n búra, nígbà tí ẹnu wọn ṣì lè sọ ọ́. Ìbúra ọmọ lẹ́yìn ikú bàbá kò lè ní ìwọ̀n kan náà. Ẹni tó bá sì dín ọjọ́ orí kù kó tó wọṣẹ́, tó fẹ́ fi ìbúra mìíràn bò ó, agbẹjọ́rò ni kó kọ́kọ́ lọ rí. Irọ́ tí wọ́n bá fi orúkọ Ọlọ́run mọ́ ní kóòtù, ẹ̀wọ̀n ló wà nídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ next of kin ló máa ń tú ilé ká. Ọmọ ogún ọdún ni Bàbá lọ́dún 1968, kò tíì níyàwó, orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló sì fi sílẹ̀ pé kí wọ́n pè bí òun bá bógun lọ. Kò bógun lọ. Ó bọ̀, ó kọ́lé sí Inísà, ó fẹ́ ìyàwó méjì, ó bímọ, kò sì padà lọ yí orúkọ náà. Ẹ̀gbọ́n ti kú. Lọ́jọ́ tí Bàbá bá dákẹ́, orúkọ òkú ni ìjọba máa bá nínú fáìlì. Tí ẹ̀gbọ́n bá sì wà láàyè, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ lè rò pé orúkọ àwọn tó wà níbẹ̀ ti sọ owó náà di tàwọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, pé wọ́n kọ ènìyàn sí next of kin kò sọ ọ́ di ajogún; ẹni tí wọ́n máa pè ni. Bí òkú kò bá ṣe ìwé ìhágún, ẹni tó ń ṣàkóso ohun tó fi sílẹ̀ ni ẹni tí Ilé Ẹjọ́ Gíga bá fún ní ìwé àṣẹ, ìyẹn Letters of Administration. Ẹ yí orúkọ náà nígbà tí Bàbá wà láàyè. Bí ìyàwó bá ju ẹyọ kan lọ, kí Bàbá sọ èrò wọn lójú gbogbo ilé, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún. Mo mọ̀ pé àwọn kan gbà pé ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìhágún ń pe ikú ni. Ikú kì í dúró de kí wọ́n pè é.

Bí Bàbá bá sì ti lọ, bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ẹ fi tó Military Pensions Board létí, kí ẹ sì gbé káàdì ATM wọn sílẹ̀. Owó tó bá ń wọlé lẹ́yìn ikú kì í ṣe ogún. Ìjọba lè gbà á padà, wọ́n sì lè mú ẹni tó ń ná an.

Àwọn tó máa ń wá sílé ṣèlérí pé àwọn ní ẹnì kan ní Àbújá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wọn ní omi mu kí ẹ sì sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Military Pensions Board ti kìlọ̀ léraléra pé àwọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí àwọn tó san ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ní òun ti PTAD wá nítorí péńṣọ̀n ṣọ́jà, irọ́ ló ń pa. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí kì í ṣe ológun ni PTAD wà fún. Ẹni tó bá dárúkọ PenCom, àjọ tó ń bójú tó ètò péńṣọ̀n, náà kò mọ̀ pé láti ọdún 2011 ni òfin ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò péńṣọ̀n tí òṣìṣẹ́ fi ń dá owó jọ. Ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà àṣírí tó bá wọlé sórí fóònù yín. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ má gbé ojúlówó ìwé lé wọn lọ́wọ́, ẹ̀dà ni kí ẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìwé ọdún 1967 tó bá sọ nù, kò sí ẹni tó lè tẹ òmíràn fún yín ní ilé ìtẹ̀wé.

Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kan nínú fáìlì kò tó nǹkan, kó ronú sí àwọn tó jà fún Biafra. Ìyọlẹ́gbẹ́ ni wọ́n kọ sí ìwé wọn fún ọgbọ̀n ọdún. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2000, Ààrẹ Ọbásanjọ́ kéde pé kí wọ́n yí i sí ìfẹ̀yìntì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló ṣí ọ̀nà owó ìfẹ̀yìntì. Síbẹ̀, ó di ọdún 2017 kí àwọn ọlọ́pàá tó wà lára wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba tiwọn, fún ẹlòmíràn ó jẹ́ àwọn ọmọ ló bá a gbà á. Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Ní Thiaroye ní Sẹ̀nẹ̀gà, níbi tí àwọn Faransé ti yìnbọn pa àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ Áfíríkà tiwọn lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejìlá ọdún 1944, ó di ọdún 2024 kí Faransé tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mẹ́fà lára wọn kú fún Faransé.

Ní ti àmì ẹ̀yẹ, ìtìjú ló máa ń bá ayédèrú rìn. Ojúlówó àmì ẹ̀yẹ máa ń ní ìtọpa. Bí a bá ní Adékúnlé Fájuyì, ológun tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ bárékè Òjòó, gba Military Cross nítorí ohun tó ṣe ní Kóńgò, ìwé wà tó gbè é. Bí Bàbá bá sọ pé àwọn lọ sí Láìbéríà pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí fáìlì kò sì sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wá lẹ́tà tó gbé wọn lọ, káàdì tí wọ́n lò níbẹ̀, àti fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tí wọ́n jọ dúró nínú fọ́tò náà sẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn yẹn ni ẹlẹ́rìí. Ẹ má lọ ra mẹ́dà lọ́jà kí ẹ lè fi ṣe ọjọ́ ìrántí àwọn ológun ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ẹ má sì wọ aṣọ ológun Bàbá lọ síbi ìsìnkú wọn. Ọ̀daràn ni òfin ka ẹni tó bá wọ aṣọ ológun láìtọ́ sí.

Fún ẹni tí bàbá bàbá rẹ̀ lọ sí Burma, Medal Office ti ilé-iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ibi ìbéèrè. Lórí ọwọ̀n ìrántí Rangoon ní Burma, orúkọ bí 27,000 ọmọ ogun tó kú ló wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì wà lára wọn. Lọ́dún 2021, àjọ tó ń tọ́jú ọwọ̀n náà, Commonwealth War Graves Commission, gbà fúnra wọn pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Áfíríkà ni wọn kò kọ orúkọ wọn síbi kankan, pàápàá láti Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní. Isaac Fádoyèbọ̀ láti Ẹ̀mùré-Ilé, tí àwọn ará abúlé kan fi pamọ́ fún oṣù mélòó kan nínú igbó Burma lọ́dún 1944 lẹ́yìn tí ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀, fúnra rẹ̀ ló kọ ìtàn ara rẹ̀. Bí kò bá kọ ọ́ ni, kí ni fáìlì máa sọ nípa àwọn ará abúlé yẹn? Ẹni tó bá ń wá orúkọ, kó má wá orúkọ ìdílé nìkan. Kó wá Ikirun, Okuku, Inisha, Oshogbo, bí àwọn akọ̀wé ìgbà náà ṣe kọ wọ́n.

Àwọn ọmọ wa tó wọ iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà ní ọ̀nà tiwọn. DD 214 ni ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, fọ́ọ̀mù DD 149 ni wọ́n sì fi ń bẹ ìgbìmọ̀ tó ń ṣàtúnṣe ìwé ológun. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìwé kì í sọ nù lọ́dọ̀ wọn: iná ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1973 ní St. Louis jó fáìlì tó tó mílíọ̀nù 16 sí 18, ẹ̀dà tí àwọn jagunjagun fi pamọ́ sílé sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń tún wọn kọ. Ọdún mẹ́ta láti ọjọ́ tí ènìyàn rí àṣìṣe ni wọ́n fún un láti kọ̀wé. Bí ọdún náà bá ti kọjá, ìgbìmọ̀ lè gbójú fò ó bí wọ́n bá rí i pé ẹ̀tọ́ ni, nítorí náà kó kọ ìdí tó fi pẹ́ sórí fọ́ọ̀mù náà.