Àròkọ Aláríyànjiyàn: Íntánẹ́ẹ̀tì Inú Ilé Dára Ju ti Orí Fóònù Lọ

Akẹ́kọ̀ọ́, má ṣe yin apá kan títí kí o gbàgbé èkejì. Orí kókó kan náà ni kí o ti fi wọ́n wéra: owó, iná àti ìpè. Wo àpẹẹrẹ yìí:

“Alága, ẹ̀yin onídàájọ́, mo tako orí-ọ̀rọ̀ yìí. Òótọ́ ni pé Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní 2023, yára, gbogbo ilé sì lè jọ lò ó. Ṣùgbọ́n a ó kọ́kọ́ ra awo rẹ̀, a ó sì máa san owó oṣooṣù. Ará Kàbà tí ó ń lo fóònù lè ra dátà bí agbára rẹ̀ ti mọ. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Bí iná bá lọ, tí kò sí jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà, awo dákẹ́. Fóònù ní bátìrì tirẹ̀. Bí dátà bá sì tán lóru, ìpè WhatsApp kò ní lọ, ṣùgbọ́n owó ìpè tí ó ṣẹ́kù lè pe dókítà fún aláìsàn.”

Kíyè sí i: ó kọ́kọ́ gba òótọ́ alátakò rẹ̀, kí ó tó dá a lóhùn. Èyí ni ó fún àlàyé rẹ̀ lágbára.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Gbe orí-ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn, kí o fi ilé-ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ṣe àpẹẹrẹ.