Ẹ̀kọ́ Kẹsàn-án: Aró Tí Ń Tàn, àti Ohun Tí Àpọ̀jù Ń Ṣe fún Un

Ẹ ti mọ aró aṣọ. Ẹ mọ̀ pé bí a bá ṣe ń tún aṣọ rẹ sínú aró ni ó ń dúdú sí i. Aró mìíràn ni ti òní: aró tí ń tàn. Ó wà nínú ọ̀pọ̀ ọṣẹ ìfọṣọ, òun ló ń mú kí aṣọ funfun yọ nínú oòrùn. Ó wà lára pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà ojú fi ń kan ẹyinjú. Fluorescein ni orúkọ aró tí dókítà ojú ń lò yìí. Adolf von Baeyer, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe é lọ́dún 1871. Ó ń gba ìmọ́lẹ̀ búlúù, ó sì ń dá ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé padà. Kò ní iná tirẹ̀.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Àwọn kíláàsì tó ṣáájú yín máa ń sọ pé bí aró bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Aró díẹ̀ nínú omi púpọ̀ ń tàn. Aró púpọ̀ nínú omi díẹ̀ kì í tàn dáadáa. Ẹ tún un kà sókè: aró díẹ̀ ń tàn, àpọ̀jù aró ń ṣókùnkùn.

Kí ló fà á? Ẹyọ aró tó kéré jù lọ, tí ojú kò lè rí, ni à ń pè ní mólékù. Bí omi bá pọ̀, mólékù kọ̀ọ̀kan dá wà: ó gba ìmọ́lẹ̀, ó dá a padà. Bí aró bá pọ̀jù, wọ́n á fún mọ́ra. Wọ́n pẹlẹbẹ, nítorí náà wọ́n á lẹ̀ mọ́ ara wọn ní ojú kojú, bí àwo tí a tò lé ara wọn. Ìmọ́lẹ̀ tí àwọn tó lẹ̀ pọ̀ bá gbà kì í jáde mọ́. Ó ń di ooru. Èyí tó ṣì dá wà pàápàá lè tari agbára tirẹ̀ sí wọn, kó sì ṣòfò síbẹ̀.

Ṣé aró náà ti bàjẹ́ ni? Rárá. Ṣé ó ti sílẹ̀ bíi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni? Rárá. Omi náà ṣì mọ́ gaara. Ẹ bu omi là á, wọ́n á tú ká, wọ́n á sì tàn. Aró kan wà tó ń jẹ́ rhodamine: bó bá pọ̀jù nínú omi, ó máa ń so pọ̀ ní méjì-méjì, nínú ọtí spirit, ó máa ń tú ká.

Dókítà ojú ń lo ọgbọ́n yìí. Bí ìṣó tàbí òkúta bá ba ẹnì kan lójú, dókítà á fi fluorescein tó ki kan ojú egbò náà. Á ṣókùnkùn, á ní àwọ̀ ọsàn. Bí ẹyinjú bá ti lu, omi inú rẹ̀ á máa jò, á la aró náà, ibẹ̀ á sì yí padà di àwọ̀ ewé títàn. Ẹ̀yin àgbà, bí nǹkan bá gún ẹnikẹ́ni lójú, ẹ má ṣe kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ṣúgà sí i. Ẹ má ra oògùn ojú lọ́wọ́ àwọn tó ń kiri nínú mọ́tò. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ojú lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ yìí fún aládùúgbò yín.

Gbogbo ìlẹ̀pọ̀ kọ́ ló ń pa ìmọ́lẹ̀. Lọ́dún 1936, Edwin Jelley rí aró kan tí àwọn mólékù rẹ̀ ń tò ní orí sí ìdí, tí wọ́n sì ń tàn gidigidi. Günter Scheibe ní Jámánì náà rí i láàárín àkókò yẹn. Lọ́dún 2001, Ben Zhong Tang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Hong Kong sọ nípa irú aró tí kì í tàn bó bá dá wà, àfi tó bá ṣùjọ.

Iṣẹ́ ṣíṣe: ẹ fún ìnki bírò títàn (highlighter) tí àwọn ọmọ ilé ìwé fi ń kun ìlà ìwé sínú ife méjì. Ẹ bu omi kún ìkan, kí ẹ fi ìkejì sílẹ̀ bó ṣe ki. Ẹ gbé méjèèjì sínú oòrùn, ẹ kọ èyí tó ń tàn jù sílẹ̀. Kí ẹ tó da omi náà nù, ẹ rí i pé ibẹ̀ jìnnà sí kànga.